Omi Tí Mo Kọ̀ ní Òdìkejì Odò

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tí ó wà létí omi ńlá, níbi tí ó jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ènìyàn a máa rí ilé àwọn ará Kánádà ní òdìkejì. Ọmọ mi ọkùnrin ni ó mú mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí baba rẹ̀ jáde láyé, kí n má baà dá nìkan wà ní Ṣakí, kí n sì bá a mójú tó àwọn ọmọ rẹ̀. N kò ní ẹ̀sùn kankan láti kà sí ìlú náà lẹ́sẹ̀. Iná wọn kì í lọ, omi ẹ̀rọ wọn kì í dá, títì wọn tẹ́jú bí ẹní, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan pàṣán. Èmi ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lo pàṣán dáadáa. Tìyanutìyanu ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sú mi níbẹ̀, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ìlú wọn. Ta ni kò fẹ́ràn ìlú tirẹ̀? Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò sí ìlú mìíràn láyé. Ọmọ tèmi gan-an, tí a bí sí Ṣakí, tí ó jẹ iṣu Ṣakí dàgbà, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Bí a bá dárúkọ Kánádà fún un, á ní òtútù ni wọ́n ní, wọn kò ní nǹkan mìíràn. Bí a bá dárúkọ Mẹ́síkò, á mi orí bí ẹni pé wọ́n túfọ̀ òkú fún un.

"Màmá, gbogbo ayé ló ń sáré wá síbí," ni ó máa ń wí. "Ẹ sọ ibi tí àwọn ará ibí ń sáré lọ fún mi."

"Ibi iṣẹ́," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Mi ò tíì rí ẹnì kan nínú yín tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́."

Obìnrin arúgbó kan ń gbé ní ilé tí ó kángun sí tiwa, aláwọ̀ funfun, opó bíi tèmi. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, abẹ́rẹ́ ni ó sì fi ń gbé ayé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun jáde. Mo rò pé ọjà ni à ń lọ. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ gun afárá gígùn kan, a fi ìwé wa han àwọn aṣọ́bodè, nígbà tí n ó sì mọ ibi tí mo wà, Kánádà ni. Ilé olóògùn ni a lọ tààrà. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ bí ẹni mọ owó. Ó ra abẹ́rẹ́ tí yóò lò fún ìgbà pípẹ́, ó kó o sínú àpò, ó sì bojú wẹ̀yìn bí ọmọ tí ó yọ ẹran nínú ìṣasùn.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ kò rà á nílé?"

"Nílé kẹ̀? Kí n ta ilé nítorí abẹ́rẹ́? Oògùn kan náà ni, orúkọ kan náà ló wà lára páálí rẹ̀."

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí afárá, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni àánú ni àwọn èèyàn wọ̀nyí. Mo gbọ́ pé ṣe ni wọ́n ń tò títí kí wọ́n tó fojú kan dókítà. Mo dúpẹ́ pé ibi tó dára jù lọ láyé ni Ọlọ́run bí mi sí." Àpò oògùn Kánádà sì wà lórí itan rẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ ọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó rò pé inú mi ló dùn, òun náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá náà, ẹ̀rín ti gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, nítorí mo rántí ẹlòmíràn tí ó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá mi bí lé mi. Nígbà tí ó tó lọ sílé ọkọ, ọkùnrin kan tí ó bá pàdé ní ọjà Ijio ni ó wù ú, ará ilẹ̀ Sábẹ̀ẹ́ tí ó máa ń gbé àgbàdo àti ẹ̀gúsí kọjá odò wá tà. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ààlà ibẹ̀ kò ju odò lásán lọ. Ọmọ Yorùbá wà níhìn-ín, ọmọ Yorùbá wà lọ́hùn-ún. Àfi pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwa, tí wọ́n ń fi Faransé kọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n èmi ti jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó láìmọye ìgbà pé orílẹ̀-èdè wa ni òmìrán Áfíríkà, tí odindi kíláàsì sì ń kà á tẹ̀ lé mi. Mo pe àbúrò mi jókòó. Mo ní, "A kì í ti ilé òmìrán jáde lọ ṣaya aràrá." N kò sì lọ síbi yìgì rẹ̀.

Bí ó bá bínú, kò fi hàn mí. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á gun ọ̀kadà, á wọ ọkọ̀, á wá kúnlẹ̀ kí mi ní Ṣakí. Á gbé agbọ̀n wàràkàṣì pupa dání, irú èyí tí wọ́n ń fi èèpo pòròpórò bàbà rẹ láró ní ọ̀dọ̀ wọn. Èmi àti ọkọ mi a jẹ ẹ́ tán, a lá ọwọ́. Aṣọ tí mo wọ̀ ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi, Kùtọnu ni ó ti wá. Ìrẹsì tí mo fi ń ṣe àlejò, òdìkejì odò ni. Síbẹ̀, bí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá bi mí léèrè àbúrò mi, n ó fa ojú ro, n ó ní, "Ó wà lọ́hùn-ún, ní abúlé àwọn Faransé. Ẹ fi í sínú àdúrà." Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ rí. Mo ń wí fún ara mi pé àbúrò ni í wá kí ẹ̀gbọ́n. Àṣà wa ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ni mo fi àṣà náà bò.

Mo padà wá sí Ṣakí ní ọdún tó kọjá láti tún òrùlé ilé wa ṣe, nítorí ìjì ti ká apá kan rẹ̀. Òfin gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú tí ọmọ mi gbà fún mi, ni pé n kò gbọdọ̀ fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ kọjá ọdún kan láìgba àyè; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ mi ti ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú tí n ó fi padà. Nígbà tí ìrìn-àjò náà ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó ọmọ àbúrò mi pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán.

"Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá wa mọ̀ pé mo pè yín. Ojú wọn ti ń lọ. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ògiri rìn."

Oṣù kọkànlá tí mo dé nìyẹn. Iléyá ti wá, ó ti lọ, àbúrò mi kò yọjú, èmi sì jókòó sí Ṣakí, mo ń dì í sínú pé kò wá kí mi.

Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé n ó lọ mú un wá. Ìbàdàn ni n ó gbé e lọ, sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tí wọ́n mọ iṣẹ́. Mo sọ fún ọmọ mi lórí fóònù.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù o!"

"Mo mọ ìṣirò. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo háyà ọkọ̀ dé Ijio, a gba Ìgànná kọjá, eruku pupa sì sọ gèlè funfun mi di aláwọ̀ osùn. Mo gbé odindi páálí omi inú ike kan dání, nítorí láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà ni inú mi kì í ti gba omi ibòmíràn mọ́, tàbí kí n sọ pé ọkàn mi ni kì í gbà á. Ní Ijio, ọlọ́kadà so páálí náà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ pé odò ti gbẹ lọ́hùn-ún ni?" Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà, òkúta rẹ̀ yọ síta, a sì gùn ún kọjá láìsọ̀ kalẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi tí kò mu mí dé kókósẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi pè ní ààlà.

Ilé àbúrò mi mọ́ tónítóní, igi ẹ̀mí méjì, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ṣíji bo iwájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka bó ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí kò sí ẹnì kankan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n, sáré bu omi sínú igbá, ó tọ́ ọ wò, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo ní omi tèmi." Mo ṣí ike kan, mo sì mu ún.

Ó yẹ kí n mọ̀. Ìyá tèmi pàápàá a máa fún àlejò lómi kí ó tó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlejò tí kò mu omi onílé, ìjà ni ó bá wá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbọ́ iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu. Mo dúró gbọn-in bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, mo ní mo wá mú un kúrò níbẹ̀, mo ti bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, Ìbàdàn ni à ń lọ, kí wọ́n di ẹrù rẹ̀.

Àbúrò mi kàn ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó pẹ́, ó yí orí sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ṣé àlejò wa ti mu omi?"

"Rárá, Màmá. Wọn ò gbà á."

"À, kò tíì dé nìyẹn."

Mo ní, "Kí ni ò ń sọ? Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Mo gbọ́ ohùn tó jọ tiwọn," ni ó wí, kò sì gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n Ṣakí ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Wọn kì í wá síbí."

Ọlọ́kadà tó gbé mi wá rẹ́rìn-ín sí kọ́lọ́fín ẹnu rẹ̀. Inú bí mi. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo yí padà sí ibi alùpùpù. N kò purọ́, mo ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n páálí omi náà ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀, tí okùn sì so ó mọ́lẹ̀ gbọingbọin, mo sì rí ara mi bí mo ṣe rí: arúgbó tó gbé omi kọjá odò wá sílé àbúrò rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá gun alùpùpù yẹn, àbúrò mi yóò fọ́jú láìrí mi mọ́, ohùn tó jọ tèmi nìkan ni yóò kù fún un. Mo padà.

"Gbé omi náà wá," ni mo wí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú àpótí àbúrò mi, mo sì gbé igbá náà sẹ́nu. Omi náà tutù, ó ń rùn èéfín díẹ̀, bí omi inú ìkòkò ṣe máa ń rùn nílé ìyá wa. Àbúrò mi dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀gúsí, ó tẹ́ etí.

"Ẹ mu ún délẹ̀ o," ni ó wí. "Ọdún mẹ́tàlélógójì la ti bù ú kalẹ̀."

Mo mu ún délẹ̀. Ó na ọwọ́, ó wá ojú mi kàn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ bá wá?"

Ọ̀rọ̀ tí mo ti kà jáde bí orin níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn wá wúwo lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo gbọ́ pé ojú ń dùn ọ́. Mo ní kí n wá mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Dókítà wo? Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń ṣe ojú mi níbí. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọn yóò ṣe ọ̀kan, bí ó bá san, wọn yóò ṣe èkejì."

"Níbí?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó mú un. "Níbo ni dókítà náà ti kàwé?"

"Ó kàwé dé ibi tó ti mọ ojú yàtọ̀ sí imú." Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi aṣọ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ wá gbà mí? Odò kọ́ ni mo kó sí. Ẹni tí yóò dì mí lọ́wọ́ mú lọ, tí yóò sì máa kán oògùn sí mi lójú fún oṣù kan ni mo ń wá. Ọmọ yìí ní ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ wà lóko. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, ẹ dúró. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, omi tí ẹ mu náà tó mi."

Oṣù kan. Ìrìn-àjò mi kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Mo ní n ó dúró.

Ọmọ mi pè ní ọjọ́ kejì. A ṣí ohùn fóònù náà síta, nítorí náà, gbogbo ilé ni ó gbọ́.

"Màmá, àwọn èèyàn ń kú sínú aṣálẹ̀ nítorí káàdì yẹn!"

"Mo mọ̀. Ọlọ́run yóò kẹ́ wọn. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì ní bú ilẹ̀ tó tọ́jú mi fún ọdún mẹ́sàn-án."

"Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Kí wọ́n gbà á. Àwọn ló ni ín."

"Màmá, kò sí ibi tó dà bí ibí láyé. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Mo bi í pé, "Afárá tó lọ sí Kánádà, ṣé o ti gùn ún rí?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mi ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀."

"Ohun tí èmi náà wí nìyẹn fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Kí aya rẹ àti àwọn ọmọ fún mi."

Àbúrò mi, tó ń gbọ́ láti orí àpótí rẹ̀, kígbe sí fóònù náà pé, "Ọmọ mi, má dààmú! Bí wọ́n bá gba ti ọ̀hún lọ́wọ́ wọn, a ó fún wọn ní káàdì níbí. Ṣùgbọ́n wọn yóò máa pọnmi o!" Mo gbọ́ tí ọmọ mi rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Ní Ọjọ́rú, mo dì í lọ́wọ́ mú dé ilé ìwòsàn náà. Bí olùkọ́ ni mo ṣe wọlé, mo ń wo igun ògiri, mo ń wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń wá ìdọ̀tí tí n ó rí. Nọ́ọ̀sì kí wa ní Faransé, ó rí ojú mi, ó sì yí i sí Yorùbá, ó ní kí n jókòó, ibi tí mo dúró sí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Mo jókòó. A tò lóòótọ́. A tò títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wọlé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú un jáde pẹ̀lú ìdì funfun lójú ọ̀tún.

Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀wà ni mo ń ṣà ní ilé ìdáná àbúrò mi. Mo mọ ọjọ́ náà, mo sì mọ wákàtí rẹ̀. Mo ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà náà tán, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná, mo sì lọ kán oògùn sí i lójú, ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Ọ̀kan ni mo máa ń kán. Ó máa ń bẹ̀ mí pé kí n kán méjì kí ó baà tètè san. N kì í gbà.

Kí ọjọ́ náà tó dé ni wọ́n ti yọ ìdì kúrò lójú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo igi ẹ̀mí iwájú ilé, lẹ́yìn náà ni ó wá kọjú sí mi. Ó wò mí pẹ́.

"Ẹ ti gbẹ o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní Amẹ́ríkà yẹn ni?"

"Oúnjẹ wà. Ìwọ ni o sanra."

"Ó dáa náà. Ìgbà wo lẹ wá ń lọ?"

"Nígbà tí wọ́n bá ṣe èkejì."

"Èkejì di ẹ̀yìn òjò kẹ̀!"

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Gbójú sókè, ó tó àkókò oògùn."